Irin earth nìkan kò tó: ẹ fi RCCB sí iná oko àti ṣọ́ọ̀bù yín

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti ajílẹ̀ tàbí oúnjẹ adìyẹ. Ọ̀rọ̀ iná ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní oko wa, ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ omi, iná sì gbé e ṣubú. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Wáyà pọ́ǹpù ti bó, iná ti wọ páìpù irin. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé a ri irin earth mọ́lẹ̀, bréékà náà wà lára ògiri, síbẹ̀ kò já.

Kí ló dé? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Iná wa jẹ́ 230 volt. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń dènà iná. Tí ìdènà irin earth yín bá jẹ́ 20 ohm, iná tó máa gba ibẹ̀ kọjá kò ní ju 11.5 ampere lọ. Bréékà 20 ampere kò ní ka ìyẹn sí nǹkan kan. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, tí ilẹ̀ gbẹ, ìdènà yẹn á tún pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni iná tí kò tó ampere kan rárá lè pa ènìyàn.

RCCB ló mọ iṣẹ́ yìí. Ó ń fi iná tó ń lọ wé èyí tó ń padà bọ̀. Tí méjèèjì kò bá dọ́gba, ó mọ̀ pé òmíràn ń jò sínú ilẹ̀ tàbí sára ènìyàn, á sì já kíá. Èyí tí wọ́n kọ 30 mA sí lára ni kí ẹ rà fún ààbò ènìyàn.

Àwọn kan á ní, "Ó ń já jù, ẹ yọ ọ́ dànù." A kò gbà. Tí ajá bá ń gbó lóru, ṣé ajá lẹ máa pa ni, àbí ẹ máa jáde lọ wo ohun tó rí? Àmọ́ a mọ̀ pé ẹja inú fírísà lè bàjẹ́ tí iná bá já lóru. Nítorí náà, ẹ ní kí oníṣẹ́ iná fún pọ́ǹpù ní RCCB tirẹ̀, kí fírísà náà ní tirẹ̀.

Ẹ má tìtorí rẹ̀ fa irin earth tu o. Láìsí earth, ó lè jẹ́ ara ènìyàn ni RCCB máa kọ́kọ́ fi mọ̀ pé iná ń jò. Ẹ má yọ bréékà náà, torí RCCB kì í wo ẹrù tó pọ̀ jù. Tí ènìyàn bá sì di wáyà méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà, RCCB lè má já.

Bọ́tìnì T wà lára rẹ̀. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù. Tí kò bá já, ẹ pe oníṣẹ́ iná kó pààrọ̀ rẹ̀.

Owó rẹ̀ kò tó owó pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù tó bá jó, a lè ra òmíràn. Ọmọ tó ń bá wa bomi ńkọ́?