Ọ̀gá Tó Ń Kọ́ni, Òun Náà Ń Kọ́ṣẹ́

Láti Kétu dé Àjàṣẹ́, a mọ ìkọ́ṣẹ́ dáadáa. Ìlànà CQP ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wá fi ohun kan kún un: ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ a máa lo ọjọ́ 5 lọ́dọ̀ ọ̀gá àti ọjọ́ 1 ní ilé-ẹ̀kọ́ lọ́ọ̀sẹ̀, fún ọdún 3. Àwọn ọ̀gá kan ń kùn pé ọjọ́ iṣẹ́ ń ṣòfò. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ti kọ́ bí a ṣe ń ka àwòrán ẹ̀rọ yóò bi ọ̀gá rẹ̀ ní ìbéèrè tẹ́nikẹ́ni kò bi í rí. Bí ọ̀gá ti ń wá èsì, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ òun náà ń dá ṣáká sí i. Èyí tó ń rán ọmọ ra omi láti òwúrọ̀ di alẹ́ (wọ́n pọ̀) ńkọ́? Ọdún 3 á pé, ọmọ á lọ, a ó sì ku òun nìkan níbi iṣẹ́.