Ìlọrin Létí Òkun

 Ní 2018 ni Tomi Adeyemi, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ sí Amẹ́ríkà, gbé ìwé Children of Blood and Bone jáde. Nínú ìwé náà, Ìlọrin jẹ́ abúlé apẹja létí òkun, yìnyín sì bo orí òkè ní Ìbàdàn! Èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ń pe ọfọ̀. Bí ọ̀dọ́ méjì bá kà á, iyàn dé. Ọ̀kan á ní òǹkọ̀wé ṣi ìlú gbé. Èkejì á ní ẹni tí ó ń dá ayé tirẹ̀ sílẹ̀ lè gbé ìlú síbi tí ó bá wù ú.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni í bu omi pa iná yìí: "Irọ́ ni gbogbo rẹ̀, gbé ìwé iléèwé rẹ." Ó ṣe ni láàánú, nítorí ẹni tí ó mọ̀ pé Ìlọrin jìnnà sí òkun nínú ilé náà, òbí ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ rojọ́ tán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ fún un pé Fágúnwà ti kó ọdẹ wọ Igbó Irúnmalẹ̀ láti 1938, àti pé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Èyí tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa lè kà á. Bí ó bá ní ti Adeyemi dùn jù ú lọ (ó lè sọ bẹ́ẹ̀ o!), ẹ má ṣe bínú. Ẹ ní kí ó ṣí ojú ewé tí ó dùn náà, kí ó kà á sí yín létí.