Gbèsè Owó Ilé-Ìwé Kì í Ṣe Ọgbọ́n Òwò

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lóṣù yìí lè bí àwọn kan nínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Ó ti di àṣà láàárín wa pé bí a bá gba ẹ̀yáwó owó ilé-ìwé, ọjà la máa ń fi í rà. A ó ní, "Ẹ jẹ́ kó yí lẹ́ẹ̀kan ná." Owó á yí, á yí, títí táàmù á fi parí. Bí oní-ilé-ìwé bá wá ránṣẹ́ sí wa, a ó mú ọmọ kúrò, a ó gbé e lọ sí òmíràn ní òpópó kejì, gbèsè á sì kú síbẹ̀. Mo mọ ìyá kan lọ́jà wa tí ọmọ rẹ̀ ti lo ilé-ìwé mẹ́rin láàárín ọdún márùn-ún. Aṣọ ilé-ìwé oríṣi mẹ́rin! Ẹ bá mi ṣírò owó aṣọ nìkan ná.

Ilé-ìwé aládàáni kékeré kò ní ìjọba lẹ́yìn. Owó tí a bá san ni wọ́n fi ń san owó oṣù tíṣà, òun náà ni wọ́n fi ń ra ṣọ́ọ̀kì, òun náà ni wọ́n fi ń tún òrùlé ṣe. Bí òbí púpọ̀ bá jẹ gbèsè, tíṣà tó mọṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ lọ, torí òun ló tètè máa rí iṣẹ́ níbòmíràn. Ọwọ́ ẹni tí kò ríbi lọ ni ọmọ wa á kù sí. Ṣé èrè nìyẹn?

Àwọn kan á ní, "Òwò ni oní-ilé-ìwé ń ṣe, òwò làwa náà ń ṣe." Òótọ́ ni, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ owó nìkan là ń rí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ìkẹ́nnẹ́. Tai Solarin fi iṣẹ́ ọ̀gá sílẹ̀ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó, òun àti Sheila ìyàwó rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sì dá Mayflower sílẹ̀ lọ́jọ́ 27 oṣù January, 1956. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń dáko, wọ́n ń sin adìẹ. Ní 1976, Mayflower bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí wọ́n bá gba ìsọ̀ lọ́wọ́ wa báyẹn, a ó kó ẹrù ni. Àwọn kò lọ. Ilé-ìwé àwọn ọmọdé tí Sheila dá sílẹ̀, Mayflower Junior, ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Tai kú ní 1994, Sheila kò torí ìyẹn padà sí ìlú òyìnbó láti lọ máa gbé. Ó di 2012 kí òun náà tó kú. Ta ló máa pe irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ní ọlọ́jà lásán?

Òbí náà lè dúró ti ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Nínú ìdílé tiwa, ọmọ méje ló ti gba ilé-ìwé kékeré kan kọjá lẹ́yìn ọjà, èyí àkọ́kọ́ nínú wọn sì ti ń mú ọmọ tirẹ̀ lọ síbẹ̀ báyìí. Lọ́dún tí ìsọ̀ ìyàwó mi jóná, táàmù méjì gbáko la ò san kọ́bọ̀. Hẹdimásítà kò lé ọmọ kankan. A ò tọwọ́ bọ̀wé. Rìsíìtì ọdún mọ́kànlá ló bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ ohun tí à ń pè ní oníbàárà. Ta lẹ máa ń tajà àwìn fún, ẹni tó ń pààrọ̀ ìsọ̀ lójoojúmọ́ ni àbí ẹni tí ẹ ti mọ̀ tipẹ́?

Ohun tí mo fẹ́ mú wá sí ìpàdé gbogbogbòò ni pé kí akápò máa san ẹ̀yáwó owó ilé-ìwé tààrà fún ilé-ìwé, kí ọmọ ẹgbẹ́ gba rìsíìtì. Àwọn kan ti ń sọ pé àbùkù ni, pé a fẹ́ máa ṣọ́ wọn. Mi ò gbà. Ẹni tó bá fẹ́ owó ọjà, kó béèrè ẹ̀yáwó ọjà. Ẹgbẹ́ ní in. Bí ilé-ìwé kan ò bá sì dára, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò dá yín dúró, ṣùgbọ́n kí ẹ san gbèsè kí ẹ tó lọ.

Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, kó mú un wá kí a jọ sọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú rìsíìtì yín dání.