Ẹ Yà sí Mérindol Pẹ̀lú

Ẹni tó bá háyà mọ́tò ní Avignon láàárọ̀ lè rí Gordes, Roussillon, Ménerbes àti Lourmarin kí ilẹ̀ tó ṣú. Agbègbè Luberon, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ni gbogbo wọn wà, wọn ò sì jìnnà síra. Roussillon nìkan tó ohun téèyàn ń lọ wò: erùpẹ̀ ibẹ̀ pupa, òmíràn pọ́n bí èso ìyeyè, òun náà ni wọ́n sì fi kun ara ilé. A ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. (Ibi ìgbọ́kọ̀sí nìjà wà. Ní Gordes, ìta abúlé lẹ ó gbé mọ́tò sí, ẹ ó sì sanwó.)

Abúlé tí wọ́n ń fò dá ló ń bí wa nínú. Wọ́n á mú yín dé Oppède-le-Vieux, kẹ́ ẹ lè ya fọ́tò àwókù ààfin orí àpáta. Ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Jean Maynier, báróònì Oppède, ló ni ààfin ọ̀hún nígbà kan. Ní 1540, ilé ẹjọ́ gíga ìlú Aix dájọ́ pé kí wọ́n pa Mérindol run, torí pé Vaudois ni àwọn ará ibẹ̀, Kristẹni tí kò gba póòpù. Ọba François Kìíní kọ́kọ́ dá a dúró, kó tó wá fàṣẹ sí i ní 1545. Maynier, tó ti di olórí ilé ẹjọ́ náà, ló kó ọmọ ogun lọ ní oṣù kẹrin. Wọ́n sun Mérindol, wọ́n sun Lourmarin, wọ́n pa tọkùnrin tobìnrin, wọ́n sì kó lára àwọn ọkùnrin tó kù lọ sídìí àjẹ̀ nínú ọkọ̀ ogun ọba.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ilé ẹni tó dáná sunlé là ń ya fọ́tò, tá ò dé ilé ẹni tí wọ́n sun?

Àwọn kan á ní àsìkò ìgbafẹ́ kì í ṣe àsìkò ọ̀fọ̀. Ṣebí sàréè Albert Camus ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá lọ sí Lourmarin?

Láti Lourmarin, ẹ kọrí sí ìwọ̀ oòrùn, kò jìnnà. Àwókù Mérindol àtijọ́ ṣì wà lókè, pẹ̀lú òkúta ìrántí, ẹ ó sì máa wo odò Durance nísàlẹ̀. Bí àsìkò ò bá tó, ẹ fi Gordes sílẹ̀. Ẹsẹ̀ lẹ ó fi gòkè, ẹ wọ bàtà tó lágbára.