Àtẹ̀gùn 660 Kọ́ Ni Òkè Ìdànrè: Kí Olórí Ikọ̀ Sọ Ìpele Kó Tó Gba Owó

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ ìpolówó ìrìn-àjò afẹ́ sí Òkè Ìdànrè rí ti gbọ́ nípa àtẹ̀gùn rẹ̀. Àwọn kan ń kọ ọ́ pé 660 ni, àwọn mìíràn ní 667, àwọn kan sì kà á dé 682. Iye yìí ni wọ́n ń gbé síwájú akẹ́kọ̀ọ́, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àti ìyá àgbà tó fẹ́ bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ ya fọ́tò, bí ẹni pé ó ti sọ gbogbo ohun tó yẹ kí èèyàn mọ̀. Kò sọ ọ́. Iye àtẹ̀gùn kì í ṣe ìwọ̀n ìṣòro. Ẹni tó bá ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì ń fi ẹ̀mí ọlọ́mọ ta tẹ́tẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣòro fún àgbà láti lóye, kí wọ́n bi àwọn ọmọ tó ń gbá géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú World of Warcraft, tó jáde lọ́dún 2004, ènìyàn márùn-ún ló máa ń kó ara wọn jọ wọ inú àjàalẹ̀ tí àwọn abàmì ẹ̀dá ń ṣọ́: ẹnì kan á máa gba ìyà sára fún àwọn yòókù, ẹnì kan á máa wo ọgbẹ́ wọn sàn, àwọn mẹ́ta á máa jà. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo ikọ̀ ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wọlé ni wọ́n ti ń yan ìpele. Ìpele tó rọrùn wà fún gbogbo ayé. Láti 2007 ni èyí tí wọ́n ń pè ní Heroic ti wà fún àwọn tó ti gbó díẹ̀. Nígbà tó di 2016, wọ́n mú òmíràn dé tí aago ń ká àwọn èèyàn mọ́ nínú rẹ̀, tí ìdènà oríṣiríṣi sì ń kún un bí ìpele ṣe ń ga. Elder Scrolls Online kò ju ìpele méjì lọ, ènìyàn mẹ́rin ló sì ń para pọ̀ níbẹ̀. Kò sí èyí tó fi ìṣòro pa mọ́ fún ẹni tó fẹ́ wọlé. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kú nínú géèmù yóò jí padà kí omi tó hó.

Òkè Ìdànrè náà ní ìpele. Àtẹ̀gùn tí wọ́n ń polówó yìí ní ibi ìsinmi márùn-ún lójú ọ̀nà. Ẹni tí eékún ń dùn lè dé èyí àkọ́kọ́ tàbí ìkejì, kó jókòó, kó wo ìlú nísàlẹ̀, kó sì padà tayọ̀tayọ̀. Ìrìn ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tó fẹ́ gun gbogbo rẹ̀ dé ìlú àtijọ́, níbi tí ààfin Ọwá àti kóòtù àtijọ́ wà. Èyí gba èémí, ó gba omi, ó sì gba ọkàn tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Ibẹ̀ gan-an ni òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó bá dojú kọ Òkè Orósùn àti àwọn àpáta gíga yòókù ti fi àtẹ̀gùn sílẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ ló kù fún un.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìdànrè sọ pé ojú ẹsẹ̀ Agboogun tó wà lórí àpáta máa ń bá gbogbo ẹsẹ̀ mu, ì báà tóbi, ì báà kéré, àfi ti àjẹ́ nìkan. Ìtàn tó dùn ni. Àwọn olùṣètò ìrìn-àjò ló wá sọ gbogbo òkè di ojú ẹsẹ̀ Agboogun, tí wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kò bá mu. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nínú ọgọ́ta èèyàn tó bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ta ló bi wọ́n léèrè ẹni tó ní ikọ́ fée, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú, ẹni tó lóyún tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni?

Ọ̀rọ̀ aago tilẹ̀ burú jù. Nínú géèmù, ẹni tó fẹ́ bá aago sáré ló fúnra rẹ̀ yàn án. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tó kúrò ní Èkó ní ìdájí, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá dúró lójú ọ̀nà, lè má dé Ìdànrè títí oòrùn yóò fi kanrí, olórí ikọ̀ sì ti pinnu pé ilé ni àwọn yóò sùn. Ó di pé kí wọ́n máa lé èèyàn gun òkè bí ẹni lé ewúrẹ́, nígbà tí àpáta ti gbóná bí agbada. Bí òjò bá wá rọ̀, òkè àná kọ́ ni ti òní mọ́: àpáta tó gbẹ táútáú láàárọ̀ yóò máa yọ̀ bí ilá. Sísọ̀kalẹ̀ ló kù, òun náà ló sì ń jẹ eékún jù, tó tún jẹ́ pé omi inú ike ti tán lókè níbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò.

Wọ́n á ní àwọn baba ńlá Ìdànrè ń ru iṣu, wọ́n ń pọn ọmọ, wọ́n sì ń gùn ún lójoojúmọ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n bí sórí àpáta, tó ti ń rákò lórí rẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ Súrùlérè tó ń fi lífítì lọ sí ọ́fíìsì. Àwọn baba ńlá náà sì díwọ̀n ìnira òkè yìí: nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1933, ìlú ti ṣí wá sísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní ọ̀lẹ.

Àwọn mìíràn á ní bí wọ́n bá ti ń ka ìpele sí èèyàn létí, ẹ̀rù á bà á, owó á sì dín kù. Géèmù wọ̀nyí ti já irọ́ yẹn. Ẹni tó borí ìpele tó rọrùn kì í lọ sùn. Ó máa ń padà wá ni, kó lè dán èyí tó le wò. Ẹni tó fi ìdùnnú sọ̀kalẹ̀ láti ibi ìsinmi kejì lónìí lè dé ìlú àtijọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tí wọ́n gbé sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn kò ní padà, kò sì ní jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ.

Láti 2007 ni orúkọ Òkè Ìdànrè ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà kọ ránṣẹ́ sí UNESCO, pé kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò fún ìwé ogún àgbáyé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó lè kọ ìpele òkè náà gàdàgbà, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, síbi tí wọ́n ti ń gba owó ìwọlé: ibi tí ìpele kọ̀ọ̀kan dé, ẹni tí kò yẹ kó lọ, wákàtí tí kò yẹ kí ikọ̀ kankan tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún mọ́. Ní ti òbí tí ilé-ìwé bá fi ìwé ìrìn-àjò ránṣẹ́ sí, kó béèrè ìpele tí wọ́n fẹ́ dé, ẹni tí yóò rìn kẹ́yìn pátápátá, àti ibi tí wọ́n ti máa ṣẹ́rí padà bí òjò bá ṣú. Olórí ikọ̀ tí kò bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó dá owó ọlọ́mọ padà.