Ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ inú ilé ní wákàtí tirẹ̀

Irú akẹ́kọ̀ọ́ kan wà láàárín wa báyìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì dá mọ̀. Kò wọ aṣọ ilé-ìwé. Kò gbé àpò kọ́ èjìká ní òwúrọ̀. Ó ti dàgbà, ó ti bímọ, ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ, tàbí igbá ọjà, tàbí kíláàsì tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ́. Ní alẹ́, nígbà tí a bá jẹun tán, yóò mú tẹlifóònù rẹ̀, yóò wá igun kan jókòó sí, yóò sì dákẹ́. Ìyá ọkọ a wò ó, àbúrò ọkọ a wò ó, wọn a sì sọ ohun kan náà: «Ó tún ti ń tẹ fóònù.»

Ẹ̀kọ́ ni ó ń kọ́. Ó ti forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì kan tí ó jìnnà sí wa. Ìmọ̀ ìṣirò àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tí àwa níhìn-ín ń pè ní ordinateur, ni ó ń kọ́ díẹ̀díẹ̀, láì fi iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Èrò tèmi ni pé bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá pa ẹ̀kọ́ náà tì lójú ọ̀nà, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe pé ọpọlọ rẹ̀ kò gbé e. Àwa tí a jọ ń gbé inú ilé ni a kò fún un ní wákàtí.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ìwé kíkà ní kíláàsì àgbà ni mo fẹ́ bá sọ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé ẹ mọ bí ó ti ń rí. Ẹ ti oko dé, ẹ wẹ ọwọ́, ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí a ṣe fún ọmọ kékeré, oorun ń kùn yín, ẹ sì ń wá ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín «ọkọ́» àti «ọkọ̀». Bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì ti rọ̀, ìdajì kíláàsì a ṣófo, nítorí pé àgbàdo kì í dúró de olùkọ́. Ẹni tí ó ń kọ́ ìṣirò lórí fóònù nínú ilé yín, ohun tí ojú yín rí ni ojú tirẹ̀ náà ń rí.

Irú ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ohun tuntun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá yunifásítì kan sílẹ̀ ní ọdún 1969 tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Open University. Ní ọdún 1971 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ó ń gbé ìwé lọ bá wọn nílé, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n BBC sì ń gbé ẹ̀kọ́ sáfẹ́fẹ́. Wọn kò béèrè ìwé ẹ̀rí kí wọ́n tó gba ènìyàn wọlé. Ní Nàìjíríà, lọ́dọ̀ àwọn ará wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní ọdún 1983. Ìjọba ológun tì í ní ọdún 1984, ó sì ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kí wọ́n tó tún gbé e dìde. Ní Sẹ̀nẹ̀gà, ọdún 2013 ni wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, ní èdè Faransé.

Mo mú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá nítorí pé wọ́n kọ iye wákàtí sílẹ̀ kedere. Krẹ́dì ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀kọ́. Krẹ́dì kan jẹ́ wákàtí 10 tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi jókòó ṣiṣẹ́. Ẹ̀kọ́ kékeré kan, bí àpẹẹrẹ ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nínú ìṣirò, lè jẹ́ krẹ́dì 30: wákàtí 300 nìyẹn. Odindi oyè yunifásítì jẹ́ krẹ́dì 360, èyí tí í ṣe wákàtí 3.600.

Níbo ni ènìyàn ti ń rí wákàtí 300 ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ pọ̀. Ẹ mú ìyá kan tí ó ń ná ọjà ọrọọrún. Àwọn baba wa ka ọjọ́ òní mọ́ ọn ni wọ́n ṣe ń pè é ní ọrún. Ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni ọjà náà ń yí po. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méje méje ni ọ̀sẹ̀ yunifásítì ń yí po. Bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé lónìí, èyí tí ó tẹ̀ lé e yóò bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, òmíràn yóò bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn náà Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kí ó tó tún padà sí ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ 28 ni ìyípo náà, nítorí pé mẹ́rin lọ́nà méje ni 28. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún ìyá yìí pé kí ó máa kẹ́kọ̀ọ́ «ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì» kò mọ bí ayé rẹ̀ ti ń yí.

Ìwé ọjọ́ 28 ni kí ó kọ. Ọjà yóò gba ọjọ́ méje nínú rẹ̀. Ìjọsìn, ìbáà jẹ́ ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ Jímọ̀, yóò gba mẹ́rin. Méje àti mẹ́rin jẹ́ 11, ṣùgbọ́n ọjà àti ìjọsìn yóò pàdé ní ọjọ́ kan ṣoṣo, nítorí náà ọjọ́ 10 ni a yọ kúrò. Ó ku ọjọ́ 18. Bí ó bá fi wákàtí kan àti ààbọ̀ jókòó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọjọ́ 18 wọ̀nyí, ó ti ní wákàtí 27. Ìyípo 11 yóò fún un ní wákàtí 297, ìjókòó méjì péré ni yóò sì kù kí ó pé 300. Ìyípo 11 jẹ́ ọjọ́ 308. Nínú ọdún kan, ó ku bí ọjọ́ 55 fún òkú, ìkómọjáde, ibà ọmọ, ìgbà ọ̀gbìn àti alẹ́ tí iná bá lọ.

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni ó ṣeé ṣe lọ́dún. Ẹni tí ó bá mú ìṣirò àti kọ̀ǹpútà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yóò nílò wákàtí mẹ́ta lójoojúmọ́, mi ò sì mọ ilé tí a ti lè rí i láì jẹ́ pé oorun tàbí oúnjẹ fara gbá a. Ẹni tí ó lé eku méjì a pòfo. Bí ó bá jẹ́ krẹ́dì 30 lọ́dún, odindi oyè yóò gba ọdún 12. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò ba àwọn kan lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ní yunifásítì tí mo ń sọ, krẹ́dì 120 ti tó láti gba ìwé ẹ̀rí kan, èyíinì ni ọdún mẹ́rin. Ó sàn kí a sọ iye náà fún ènìyàn kí ó tó san owó ju kí a fi ìpolówó tàn án. Gbólóhùn kan wà tí àwọn tí ń polówó irú ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ràn, tí èmi kò fẹ́ràn rárá: «Kẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí ó bá wù ọ́.» Nínú ilé tí ènìyàn méje ń gbé, ìgbà tí ó wu ènìyàn kì í dé.

Àwọn kan yóò ní kí ó kúkú fi ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọ̀sẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀. Bóyá ìtàn ṣeé kà bẹ́ẹ̀. Ìṣirò kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ òní ni àkàbà fún ti ọ̀la. Bí ènìyàn bá fi ọjọ́ mẹ́fà sílẹ̀, wákàtí àkọ́kọ́ ní ọjọ́ keje yóò lọ sórí rírántí ibi tí ó dé dúró. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdánrawò kan lè di ènìyàn mú fún ìdajì wákàtí láì yọrí. Kí ó fi sílẹ̀, kí ó lọ gún iyán. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdí odó ni ìdáhùn ti máa ń wá. Kọ̀ǹpútà náà ní ìwà tirẹ̀. Bí a bá kọ àṣẹ fún un, tí àmì kékeré kan bá ṣìnà, yóò kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tí ó ti rẹ̀ kò lè rí àmì náà. Ìdí nìyí tí mi ò fi gba àwọn tí ó ní aago 12 òru ni kí ó máa ṣe é, nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn. Àjẹkù àkókò nìyẹn, ìṣirò kì í sì í jẹ àjẹkù.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìṣirò kì í ṣe tiwa. Ẹni tí ó bá pe 45 ní Yorùbá, márùndínláàádọ́ta, ti yọ márùn-ún kúrò nínú 50, bẹ́ẹ̀ ni 50 fúnra rẹ̀ jẹ́ 60 tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́pà ń ṣe èyí kí ó tó la ẹnu. Àwọn Faransé pàápàá ń pe 80 ní quatre-vingts, ogún mẹ́rin, bí àwa ti ń pè é ní ọgọ́rin. Ní 90 ni ọ̀nà wa pín: àwọn fi mẹ́wàá kún 80, àwa yọ mẹ́wàá kúrò nínú 100. Ní ti kọ̀ǹpútà, àmì méjì péré ni ó mọ̀. Bí a bá to àmì náà sí àyè mẹ́jọ, ọ̀nà 256 ni ó lè gbà yàtọ̀ síra; octet ni àwọn Faransé ń pè é. Àwọn babaláwo wa ń tẹ àmì kan tàbí méjì sí àyè mẹ́jọ lórí ọpọ́n, odù wọn sì jẹ́ 256. Mi ò sọ pé Ifá ni ó ṣe kọ̀ǹpútà o. Mo ń sọ pé ẹni tí ó bá ti mọ ìṣirò yìí láti ilé kò wá ṣe àlejò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù ni ti àwọn obìnrin. Bí baálé bá ń kàwé, ilé a dákẹ́. Wọn a lé àwọn ọmọ sẹ́yìn ilé, wọn a gbé àtùpà súnmọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ ìyàwó ni ó jókòó, láàárín wákàtí kan, wọn a ti pè é nígbà mẹ́jọ: níbo ni iyọ̀ wà, ọmọ ń sunkún, àlejò dé, ta ni yóò bu omi. Àwọn kan yóò ní àṣà wa ni. Kì í ṣe àṣà wa. Láti ayébáyé ni ìyá olówò ti ń lọ sí ọjà ọ̀nà jíjìn, tí ó ń sùn síbẹ̀ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí ilé sì ń jẹun, tí ẹnikẹ́ni kò sì bínú, nítorí pé gbogbo wa mọ̀ pé owó ni ó lọ wá. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni a ń sọ níhìn-ín. Baba ọmọ lè gbé ọmọ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Ìyá ọkọ lè sọ fún àlejò pé, «Ó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́,» bí yóò ti sọ pé ó wà lọ́jà.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní gbèsè tirẹ̀. Fóònù kì í sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó ń wo eré àti ẹni tí ó ń wá ìdáhùn ìṣirò, ìjókòó kan náà ni wọ́n ń jókòó. Nítorí náà, kí ó gba ẹ̀kọ́ náà sórí fóònù nígbà tí mẹ́gà bá wà, kí ó pa á mọ́, kí ó wá fi kálámù ṣe ìdánrawò sínú ìwé, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Ìṣirò kì í wọ inú ẹni nípa wíwò nìkan. Kí ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ 28 náà sára ògiri, kí ó fa ìlà sábẹ́ àwọn ọjọ́ ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin ará ilé rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n kà báyìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, bóyá kò bá ti wúlò láti kọ ọ́. Kí ó sì máa sọ ohun tí ó kọ́ fún yín ní Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ohun tí kò bá lè ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀, kò tíì yé òun náà dáadáa.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí àwọn olórí kọmúnì wa gbọ́. Sẹ̀nẹ̀gà kò fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú fóònù nìkan. Wọ́n ṣí ibùdó sí oríṣiríṣi ìlú, níbi tí wọ́n ti ń rí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ń rí akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn. Tiwa kò nílò ilé tuntun. Yàrá tí a fi ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé wà ní ọ̀pọ̀ abúlé. Lẹ́yìn tí kíláàsì bá parí ní ìgbà òjò, títì ni ó máa ń wà fún oṣù mélòó kan. Tábìlì wà nínú rẹ̀, pátákó wà nínú rẹ̀. Àtùpà kan tí ń lo oòrùn àti ẹni tí yóò máa di kọ́kọ́rọ́ mú láti aago mẹ́fà títí di aago mẹ́jọ alẹ́ ni ó kù. Bí àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ báyìí ní abúlé yín bá pé mẹ́ta, kí wọ́n kọ orúkọ wọn sínú ìwé kan, kí baálẹ̀ fọwọ́ sí i, kí ẹ gbé e lọ bá mẹ́ẹ̀rì kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.