Àwọ̀ orí fóònù kọ́ ló máa jáde lórí flex o

1/ Ẹ̀yin tèmi tó ń ṣe dísáìnì, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù báńà àti sáìnbọ́ọ̀dù ní Ìlobù àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ẹ sún mọ́bí. Lójú tèmi, àwọ̀ tí oníbàárà ò fojú rí kó tó sanwó ló ń kó ṣọ́ọ̀bù kékeré sí gbèsè ju printer olówó pọ́ọ́kú lọ.

2/ Ẹ wò ó. Fóònù ń tan ìmọ́lẹ̀ síni lójú ni. Pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ló ń pò pọ̀ tó fi ń gbé gbogbo àwọ̀ jáde. Printer ò ní ìmọ́lẹ̀ kankan. Íǹkì mẹ́rin ló sábà máa ń ní: cyan, magenta, yẹ́lò àti dúdú. Àwọ̀ ewé tó ń kọ mànà lójú fóònù, bó ṣe wù kẹ́ ẹ po íǹkì mẹ́rin yìí tó, kò ní kọ mànà bẹ́ẹ̀. Oníbàárà á ní ẹ ti ba iṣẹ́ òun jẹ́, ẹ̀yin lẹ sì máa tẹ òmíràn lówó ara yín.

3/ Àwọn aláró Òṣogbo ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró máa ń dà bí ewé, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù. Iye ìgbà tí wọ́n bá rì í bọ aró ló ń sọ bó ṣe máa dúdú tó. Ta ló máa wo aṣọ tútù, táá ní òun ti mọ àwọ̀ ẹ̀?

4/ Ẹ tún gbọ́ ti funfun. Ìfọ́n nìlú Òòṣà Olúfọ́n, òòṣà aláṣọ funfun. Ṣùgbọ́n íǹkì wo ló ń tẹ funfun nínú mẹ́rin yẹn? Kò sí. Funfun tó wà lára báńà yín, flex fúnra ẹ̀ ni. Tí flex bá pọ́n díẹ̀, gbogbo àwọ̀ tó wà lórí ẹ̀ ló máa pọ́n díẹ̀. Ẹ bá pààrọ̀ ibi tẹ́ ẹ ti ń ra flex, ẹ tún àwọ̀ yín dán wò.

5/ Èyí tó ká mi lára jù ni ojú èèyàn. Báńà ìsìnkú ò ní àtúnṣe. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gbé e, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni òkú ń wọlẹ̀. Tí awọ ìyá àgbà bá jáde bí ẹni fi osùn para, kí làwọn ọmọ máa dúró tì? Láyé ọjọ́un, káàdì Shirley ni Kodak ń fi ránṣẹ́ sáwọn tó ń fọ fọ́tò. Obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí ẹ̀, awọ tiẹ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n àwọ̀ gbogbo èèyàn. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó fi awọ dúdú kún un. Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣe tiyín.

6/ Ọ̀rọ̀ printer wá ńkọ́? Ẹ má torí iyì ra ẹ̀rọ ńlá. Ẹ̀rọ flex tó bá jókòó lásán fún ọjọ́ mélòó kan, íǹkì á gbẹ sí i lórí, orí ẹ̀ á dí, owó orí tuntun ò sì kéré. Tí báńà ò bá wọlé déédéé, ẹ gbé e lọ tẹ̀ ní Òṣogbo, kẹ́ ẹ fi printer kékeré ṣe sítíkà àti káàdì nílé. Kẹ́ ẹ tó ra èyíkéyìí, ẹ béèrè: ibo ni mo ti máa rí íǹkì ẹ̀ rà? Ta ló máa tún un ṣe? Jẹnẹrétọ̀ mi ha lè gbé e? Ṣé íǹkì ẹ̀ á fara da oòrùn, àbí á ṣá?

7/ Káàdì àwọ̀ tí mo ní kẹ́ ẹ ṣe nìyí. Ẹ fi íǹkì yín tẹ àwọ̀ ogójì tàbí àádọ́ta sórí flex yín, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ojú èèyàn mẹ́ta kún un: adúláwọ̀ dáadáa, ẹni tó wà láàárín, àti apọ́nbéporẹ́. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ wọn o. Tó bá jẹ́ Òṣogbo lẹ ti ń tẹ̀, ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti tẹ káàdì yín. Ẹ gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti ń wọlé. Oníbàárà ní "green", green wo? Ti àsíá Nàìjíríà tí Táíwò Akínkúnmi yà, àbí ti ẹ̀fọ́? Kó mú nọ́ńbà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí rìsíìtì.

8/ Ẹlòmíì á ní oníbàárà ò ráyè ìyẹn. Ẹni tó ráyè dúnàádúrà fún ogún ìṣẹ́jú máa ráyè wo àwọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Ìlobù àti Ìfọ́n fara kanra, orúkọ tẹ́ ẹ bá ní níhìn-ín, kò ní pẹ́ dé ọ̀hún. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí oníbáńà yín.